Àtẹ̀jíṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ sórí ìkànnì kan, tí yóò sì balẹ̀ sórí fóònù ẹlòmíì láìjẹ owó káàdì. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2001 tí fóònù GSM ti wọ Nàìjíríà ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti mọ́ ará ìlú lára. Ohun mẹ́ta la fi ń yẹ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni gígùn. Lẹ́tà 160 ni ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà, àlàfo àti àmì gbogbo mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ̀ ọ́, 70 péré ló kù. Ẹlẹ́ja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ tó bá fi ojúlówó Yorùbá kọ lẹ́tà 150 sí oníbàárà rẹ̀ ní Ìkòròdú, ojú ewé mẹ́ta ló kọ yẹn.

Èkejì ni dídé. Ẹni tó ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, nọ́ńbà tí NCC, àjọ tó ń mójútó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, yà sọ́tọ̀ fún dídènà ìpolówó, lè má rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà gbà, torí wọ́n lè kà á sí ìpolówó.

Ẹ̀kẹta ni àṣírí: ìkànnì tí kò gbowó lè máa kó nọ́ńbà àwọn ènìyàn jọ. Òfin ààbò dátà ọdún 2023 fún ẹni tó ni nọ́ńbà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.