Gbèsè, Ìwọ̀fà àti Àdúrà Olúwa

Ní Òmù-Àrán, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ni Yunifásítì Landmark wà, èyí tí ìjọ Living Faith dá sílẹ̀ ní 2011. Ọmọ ìlú náà ni Bíṣọ́ọ̀bù David Oyedepo, olùdásílẹ̀ ìjọ ọ̀hún, tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa ìwàásù lórí ọrọ̀. Ìwàásù lórí bíbọ́ nínú gbèsè pọ̀ nílẹ̀ wa lónìí, onígbèsè ni ó sì sábà máa ń dojú kọ. Àdúrà Olúwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Mátíù orí kẹfà nínú Bíbélì Yorùbá: gbèsè gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹni tí wọ́n sì jẹ lówó ni ẹrù náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Láyé àwọn baba wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àkàwé. Ní Ìgbómìnà bíi ti ìyókù ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó yá owó láti sìnkú tàbí láti gbéyàwó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Gbogbo iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe lóko olówó rẹ̀, èlé lásán ni. Kò dín ẹyọ kan kù nínú owó tí wọ́n yá. Ó lè sìn fún ogún ọdún kí gbèsè náà ṣì wà bí ó ti wà. Samuel Johnson ṣàlàyé ètò yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Òótọ́ ni, ọmọ bíbí ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń roko nítorí owó tí òun kò ná, àǹfààní wo ni ìyàtọ̀ yẹn ṣe fún un?

Olówó ìwọ̀fà wà nínú ìjọ pẹ̀lú. Àwọn kan lára òṣìṣẹ́ CMS fúnra wọn ní ẹrú àti ìwọ̀fà. Abẹ́òkúta jìnnà sí Ìgbómìnà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìjà náà ti gbóná. James Johnson, tí ó di alábòójútó níbẹ̀ ní 1877, gbógun ti níní ẹrú láàárín wọn, ọ̀pọ̀ nínú ìjọ sì kọjú ìjà sí i. Ní 1880, CMS pe ìpàdé ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ ẹrú àti ìwọ̀fà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú Johnson kúrò ní Abẹ́òkúta.