Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Géètì Mú?

Tí wọ́n bá ní ká ka ohun tí Nàìjíríà àti Ghana fi ń bá ara wọn fa wàhálà, ọ̀pọ̀ nínú yín á ní ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìrẹsì sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo bá wá, ọdún 1973 ni mo sì ti fẹ́ mú un.

Ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún náà ni, ní pápá ìṣeré ńlá ti Surulere l'Ékòó. Pápá tuntun ni nígbà yẹn. Inú oṣù Kìíní tó ṣáájú ni wọ́n ṣe Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀, tí Green Eagles tiwa na Guinea ní 2-0, tí wọ́n gba wúrà. Orí gbogbo èèyàn ti wú. Ghana wá dé, ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1974 ni wọ́n jọ ń dù. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú 87, Ghana ti ní 3, àwa ní 2. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré! Ẹ̀yin náà ẹ ka iye góòlù tí ẹ ti rí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ìkẹyìn láyé yín. Àmọ́ àwọn èrò ìwòran ò lè mú un mọ́ra, wàhálà bẹ́ sílẹ̀, rẹfirí ò rí eré náà parí. FIFA jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní Ghana ló jàre, 2-0. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Accra nínú oṣù kan náà, ọ̀mì ni wọ́n ta, 0-0, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹ wo ẹni tí ìyà yẹn já lé lórí. Góòlù méjì tí àwọn ọmọ Green Eagles fi òógùn ojú wọn jẹ, wọ́n nù ún kúrò nínú ìwé. Ẹni tó dá wàhálà sílẹ̀ ńkọ́? Ó wọ mólúè lọ sílé, ó jẹun alẹ́, ó sùn.

Ọdún 49 kọjá. Ọ̀rẹ́ọ̀tá kan náà ni, Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé náà ni. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 2022, ní pápá ìṣeré Moshood Abiola l'Ábújá. Wọ́n ti ta ọ̀mì 0-0 ní Kumasi lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú. Eré ò tíì gbóná tí Thomas Partey fi jẹ ọ̀kan fún Ghana. William Troost-Ekong fi pẹ́náritì dá a padà, 1-1, a sì wá a títí, a ò rí òmíràn. Góòlù tí wọ́n jẹ nílé wa yẹn ló gbé wọn dé Qatar. Bí rẹfirí ṣe fọn fèrè ìparí báyìí, èrò ya wọnú pápá, wọ́n ń fọ́ ìjókòó tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń lò, ọlọ́pàá yin tajútajú sáàárín wọn. Dókítà Joseph Kabungo, ọmọ ilẹ̀ Zambia tí wọ́n rán wá láti yẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù wò bóyá wọ́n lo oògùn, kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kan ní èrò ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àwọn mìíràn ní ṣe ló dédé ṣubú. Èyí tó wù kó jẹ́, ọkùnrin náà ò padà sílé mọ́.

Kí ni FIFA ṣe? Wọ́n bu owó ìtanràn 150,000 fráǹkì ti Switzerland lé àjọ bọ́ọ̀lù wa, wọ́n sì ní ká gbá eré kan láìsí èrò ìwòran. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Owó tó yẹ ká fi ra bọ́ọ̀lù àti bàtà fún àwọn ọmọdé ló lọ yẹn. Ìyá tó ń ta omi inú ọ̀rá níta géètì, tí kò mọ Partey yàtọ̀ sí Pọ́ọ̀lù, ọjà òòjọ́ rẹ̀ ló lọ yẹn. Ó dáa, ẹ wá dárúkọ ẹnìkan ṣoṣo fún mi nínú àwọn tó ya wọnú pápá. Ẹnìkan péré. Mò ń dúró o.

Orúkọ tí a ní fún gbogbo wọn ni jàǹdùkú. Mi ò sọ pé orúkọ náà ò bá wọn mu. Ẹni tó fọ́ ohun ìní ìlú torí pé wọ́n ta ọ̀mì, kí ni ká tún máa pè é, ọmọlúàbí? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ní àrékérekè kan nínú. Bí a bá ti lè pe àwọn èrò ní jàǹdùkú báyìí, ìwádìí ti parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè mọ́ pé ta ló jẹ́ kí èèyàn wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, ta ló ti géètì, ta ló ní kí wọ́n yin tajútajú. Ẹ jẹ́ ká dé Accra kẹ́ ẹ lè rí ohun tí mò ń sọ.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, 2001. Hearts of Oak àti Asante Kotoko ló ń gbá a. (Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, kó rò ó bíi Shooting Stars àti Rangers ayé ìgbà tí bàbá wa wà lọ́dọ̀ọ́, kó wá ta iyọ̀ àti ata sí i.) Kotoko ló kọ́kọ́ jẹ góòlù. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ sí ìparí eré ni Ishmael Addo jẹ méjì fún Hearts, ó di 2-1. Inú bí àwọn olólùfẹ́ Kotoko, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga oníke tu, wọ́n ń jù ú sísàlẹ̀. Ìwà jàǹdùkú nìyẹn, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àga oníke kọ́ ló pa àwọn èèyàn. Ọlọ́pàá yin tajútajú lọ bá àwọn tó wà lórí ìjókòó. Gbogbo wọn rọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ju àga àti ẹni tí kò ju nǹkan kan, ẹni tó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ àti ẹni tó dá wá. Géètì wà ní títì. Àwọn ẹ̀yìn ò mọ̀ pé wọ́n ti í, wọ́n ṣáà ń tì wọ́n lọ síwájú. Èèyàn 127 ló bá a lọ. Púpọ̀ nínú wọn, ara ẹnìkejì wọn ló gba èémí lẹ́nu wọn. Àwọn oníṣègùn tó yẹ kó wà níbẹ̀ sì ti lọ sílé, wọ́n rò pé iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí.

Ààrẹ Kufuor kéde ọjọ́ mẹ́ta láti fi ṣọ̀fọ̀. Ó gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde, agbẹjọ́rò Sam Okudzeto ni alága wọn. Ìgbìmọ̀ náà ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: wọ́n ní ọlọ́pàá ló ṣàṣejù. Wọ́n gbé ọ̀gá ọlọ́pàá mẹ́fà lọ sílé ẹjọ́ lórí ikú àwọn 127. Nígbà tó di 2003, kọ́ọ̀tù ní ẹ̀rí ò kájú ìwọ̀n, kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n ṣe ère kan síwájú pápá náà, ẹnìkan gbé ẹnìkejì rẹ̀ tó ṣubú. Ère dára. Ṣùgbọ́n ère ò lè jẹ́jọ́.

Tí ẹ bá rò pé wọ́n ti kọ́gbọ́n láti ìgbà yẹn, ẹ wo N'Zérékoré ní Guinea, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 2024. Àwọn èrò ò fara mọ́ ìpinnu rẹfirí, òkò ń fò, ọlọ́pàá yin tajútajú, gbogbo èrò rọ́ lu ẹnu ọ̀nà. Ìjọba fúnra rẹ̀ ka òkú 56. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ka ìwé Accra sórí, wọ́n wá ń kà á síta.

Àwọn òyìnbó ńkọ́? Àwọn tí à ń wọ jẹ́sì wọn káàkiri Ìkọ̀lé yìí? Ní Hillsborough, ní Sheffield, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, 1989, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń darí, David Duckenfield, ló pàṣẹ kí wọ́n ṣí géètì kan. Èrò ya sí ibi tó ti kún tẹ́lẹ̀, èèyàn 97 ló gba ibẹ̀ kú. Kí ni ọ̀gá yìí wí? Ó ní àwọn olólùfẹ́ Liverpool ló fipá já géètì. Irọ́ gbuu! Ó gba ọdún 27 kí àwọn tó gbọ́ ẹ̀rí tó sọ ọ́ gbangba ní 2016 pé àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ò jẹ̀bi. Ẹ tún wá wo ìdí tí irọ́ náà fi rọrùn láti gbà gbọ́: àwọn kan lára olólùfẹ́ Liverpool ti ba orúkọ ẹgbẹ́ náà jẹ́ ní Heysel, ní Brussels, lọ́dún 1985. Wọ́n kọ lu àwọn ti Juventus, ògiri wó, èèyàn 39 kú. Wọ́n ti gbogbo ẹgbẹ́ England mọ́ ìta ìdíje Yúróòpù fún ọdún márùn-ún. Everton tó gba líìgì lọ́dún yẹn, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, jókòó sílé pẹ̀lú wọn.

Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù ilẹ̀ Belgium ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn. Ní 1989, ó dá olólùfẹ́ Liverpool 14 lẹ́bi lórí ikú yẹn, kálukú lórúkọ rẹ̀. Kò wá dúró síbẹ̀: ó dá ọ̀gá ọlọ́pàá kan lẹ́bi, ó sì dá òṣìṣẹ́ àgbà kan nínú àjọ bọ́ọ̀lù Belgium lẹ́bi pẹ̀lú. Ẹni tó kọ lu èèyàn dáhùn, ẹni tó yẹ kó ṣọ́ ọ̀nà dáhùn.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́, pé ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fi àbọ̀ bá adìyẹ. Nílé wa níbí, adìyẹ nìkan là ń bá wí, akátá wọ kóòtù, ó jókòó níwájú níbi àga ọlọ́lá. Lójú tèmi, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀. Òun ló gbowó ẹnu ọ̀nà. Òun ló mọ̀ ṣáájú pé èrò ń bọ̀.

Ẹ má rò pé mò ń gbè sẹ́yìn adìyẹ o. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 2009, Barcelona na Manchester United ní 2-0 ní Rome. Ní Ogbo, ní ìpínlẹ̀ Rivers níhìn-ín, ọlọ́pàá ní awakọ̀ kan tó jẹ́ olólùfẹ́ Manchester United wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ àárín àwọn tó ń yọ̀ fún Barcelona. Èèyàn mẹ́rin kú. Níbẹ̀, kò sí géètì tí wọ́n tì, kò sí tajútajú. Ọwọ́ kan ló di sítẹ́rìn mú. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé "àwọn èrò" ni. Gbogbo wàhálà yìí sì jẹ́ nítorí ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ pé a wà láyé!

Nínú líìgì tiwa, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ní 2022, alága ẹgbẹ́ Kano Pillars fúnra rẹ̀ ló lu igbákejì rẹfirí. Ta ló wá fẹ́ bá ọmọ orí ìjókòó wí? Ní oṣù Kẹwàá, 2025, nígbà tí Shooting Stars wa ti Ìbàdàn lọ ta ọ̀mì 1-1 ní Kánò, èrò tún ya wọnú pápá. Wọ́n yọ àmì mẹ́ta lára Pillars. Àwọn tó fẹsẹ̀ wá àmì náà ni wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ wọn, bíi ti 1973.

Ẹ jẹ́ ká wá ká a wá sílé. Àwa tí à ń wo bọ́ọ̀lù ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, kì í ṣe pápá ìṣeré la máa ń lọ. Yàrá onípáánù ni, bẹ́ǹṣì, tẹlifíṣọ̀n méjì, ariwo. Lọ́jọ́ àṣekágbá, a máa ń jókòó lé ara wa lẹ́sẹ̀. Arsenal lápá kan, Chelsea lápá kejì, ọ̀rọ̀ kékeré báyìí ó di ẹ̀ṣẹ́. Tí ẹnìkan bá ṣubú nínú èrò yẹn, ẹ mọ ibi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà, Ìdó ni, ẹ sì mọ bí ọkọ̀ ṣe ń wọ́n lóru. Ẹ ka ẹnu ọ̀nà ibi tí ẹ̀yin ń lọ. Èyí tí èmi ń lọ, ẹnu ọ̀nà kan ló ní, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí yàrá bá sì ti kún, wọ́n á fi àgádágodo tì í lóde kí ẹni tí kò sanwó má bàa yọ́ wọlé. Mo bi oníbẹ̀ léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé níbo la máa gbà jáde bí ìjà bá bẹ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Brọ̀dá," ló wí, "ẹ sanwó kẹ́ ẹ wọlé, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."