M̀bá Rí, M̀bá Yọ̀: Oníjó Tó Já Wọ Òde ní Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ohun tí gbogbo wa fẹ́ràn láti máa ròyìn: ọjọ́ tí a ṣàdédé pàdé gbajúmọ̀.

Ẹ mọ bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe sábà máa ń lọ. Mo rí i ní pápákọ̀ òfurufú, mo ní ká jọ ya fọ́tò, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Fọ́tò wọ Instagram, àwọn ọ̀rẹ́ kọ "orí ẹ dáa o" sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìtàn àtijọ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ṣe, ìbéèrè kan kì í kúrò lọ́kàn mi: kí ló máa ń mú kí ìpàdé ìṣẹ́jú díẹ̀ yí ayé ènìyàn padà?

Ẹ jẹ́ ká gba Òṣogbo lọ, lọ́dún 1964.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé ìlú náà, ọmọ nǹkan bí 20 ọdún. Táíwò Ọláníyì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ògìdì tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Ẹni tó ń ta oògùn kiri láti ìlú dé ìlú ló ń bá ṣiṣẹ́: òun á jó kí èrò lè pé, ọ̀gá á wá polówó oògùn. Ó máa ń sọ pé ìgbà méje ni ìyá òun bí ìbejì, òun nìkan ló sì yè nínú gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ara rẹ̀ ní Twins Seven-Seven, tó sì rán Seven-Seven sẹ́yìn aṣọ tó ń wọ̀ kiri.

Òde ijó kan ń lọ lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò sẹ́ni tó fìwé pè é. Ó wọlé, ó bọ́ sójú agbo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Gbogbo ojú yí sí i. Lára àwọn tó ń wò ó ni Dúró Ládípọ̀, òṣèré tó ti gbé Ọba Kò So jáde lọ́dún tó ṣáájú, àti Ulli Beier, ará Jámánì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láti 1950. Wọ́n ní kó má tíì lọ. Ládípọ̀ gbà á sínú ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ilé Dúró Ládípọ̀ ni, tí wọ́n sọ di ibùdó iṣẹ́ ọnà ní oṣù kẹta 1962. Irú rẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní Mbari, ọ̀rọ̀ Igbo. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ náà dé Òṣogbo, àwọn ará ìlú fi etí Yorùbá gbọ́ ọ: m̀bá rí, m̀bá yọ̀. Bí mo bá rí i, inú mi á dùn. Orúkọ yẹn ló sì mọ́ ibẹ̀ lára.

Ní oṣù kẹjọ 1964, Georgina Beier ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwòrán níbẹ̀. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jímọ̀ Buraimoh tó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ Ládípọ̀ wà níbẹ̀, Múráínà Oyèlámì náà wà níbẹ̀. Oníjó wa mú kálámù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya iwin, ẹranko àti àwọn ará igbó tí olórí wọn pọ̀. Lọ́dún 1989, iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àfihàn ńlá Magiciens de la terre ní Paris. Lọ́dún 2005, UNESCO sọ ọ́ di Ayàwòrán fún Àlàáfíà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ ya fọ́tò ní Nike Art Gallery ní Lẹ́kí, ẹ mọ̀ pé Nike fúnra rẹ̀ fẹ́ Twins Seven-Seven rí, inú àwùjọ Òṣogbo yẹn ló sì ti gbilẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé òyìnbó kan ló ṣàwárí ẹ̀bùn tó sọnù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ sára aṣọ ara rẹ̀ kò sọnù. Ó ti ń polówó ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wò ó. Ilé tó sì wọ̀, ilé ọmọ Òṣogbo ni. Àmọ́ ẹ̀bùn nìkan kọ́. Ká ní ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ yẹn béèrè pé "ta ló pè ọ́?", ó ṣeé ṣe kí mọ́tò oògùn gbé e lọ sí ìlú mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwa má sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ìpàdé wọn kì í ṣe ọ̀ràn orí rere lásán. Nǹkan mẹ́ta ló pàdé: ẹni tó ti múra sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí kò tì, àti gbajúmọ̀ tó fara balẹ̀ wò, tó wá sọ pé "dúró díẹ̀". Ìkẹta yìí ni fọ́tò kì í fún wa.

Ládípọ̀ kú ní 1978. Beier àti Twins Seven-Seven kú lọ́dún kan náà, 2011: ọ̀kan ní Sydney ní oṣù kẹrin, èkejì ní Ìbàdàn ní oṣù kẹfà.

Lọ́dọ̀ tiwa lónìí, ibi tí ọmọ ẹni kan lè já wọ̀ láìní ìwé ìpè ti ń dín kù. Gbọ̀ngàn ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ ń béèrè dìgírì, géètì ń béèrè pé "ta lẹ wá rí?" Nítorí náà, bí ẹ bá ní yàrá kan, ilé ìgbohùnsílẹ̀ kékeré kan, tàbí sọ́ọ̀bù lásán, ẹ ṣí i sílẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, kí ẹ sọ ibi tó wà, a ó kéde rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.