Ìtò Iṣẹ́ àti Ìdára Ọjà: Iṣẹ́ Òfì ní Ìlọrin Láti Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún

Ìfáárà

Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí wọ́n ń pa nípa orúkọ Ìlọrin ni pé òkúta kan wà ní Ìdí-Àpé tí Òjó Ìsẹ̀kúsẹ̀ ọdẹ máa ń lọ irin rẹ̀ lórí rẹ̀, pé 'ìlọ irin' ni ó sì di Ìlọrin. Àwọn mìíràn gbà pé 'ìlú erin' ni. Èyí ó wù kí ó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, ìtàn àkọ́kọ́ bá ìlú náà mu, nítorí ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Àwọn amọ̀kòkò wà ní Òkèlele àti Dàda, àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà wà níbẹ̀ nígbà kan rí, àwọn ahunṣọ òfì sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò ni bí àwọn ahunṣọ ṣe ń to iṣẹ́ wọn kí ọjà wọn lè dára, àti ohun tí ìyípadà nínú ìtò náà mú bá àwọn tí ń ṣe é.

Àwọn onímọ̀ ìṣàkóso iléeṣẹ́ a máa ka ọdún 1924 sí ìbẹ̀rẹ̀ pàtàkì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni Walter Shewhart, ní Western Electric ní Amẹ́ríkà, fi àwòrán kan han ọ̀gá rẹ̀, èyí tí a lè fi mọ̀ bóyá àbùkù ara ọjà ti inú ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá ni, tàbí nǹkan àjèjì ló fà á. Ní ọdún kan náà ni Sakichi Toyoda ní Japan parí ẹ̀rọ ìhunṣọ tí í dá dúró fúnra rẹ̀ bí fọ́nrán òwú bá já. Inú iṣẹ́ aṣọ híhun ni èrò kejì yìí ti wá. Ahunṣọ Ìlọrin kò nílò ẹ̀rọ kí ó tó mọ̀ pé òwú já. Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń sọ fún un, á sì dá iṣẹ́ dúró, á so ó, kí ó tó máa bá a lọ.

Ìtò Iṣẹ́ Lórí Òfì

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ sá wá sí Ìlọrin. Ìlú náà wà lójú ọ̀nà òwò láàárín ilẹ̀ Yorùbá, Núpé àti ilẹ̀ Haúsá, ọ̀nà yìí sì ni sílíkì pupa tí a fi ń hun àlàárì ń gbà wọlé láti òkè Sàhárà. Kì í ṣe òmìnira nìkan ni gbogbo ọwọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní. Àwọn ẹrú wà nínú wọn.

Ìpele iṣẹ́ náà kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Obìnrin ni ó ń gbọn òwú tí ó sì ń ràn án. Aláró ń pa á láró. Ọkùnrin ni ó ń jókòó ti òfì tẹ́ẹ́rẹ́, nígbà tí obìnrin ń hun kíjìpá lórí òfì òòró. Ọmọṣẹ́ a bẹ̀rẹ̀ láti ibi òwú wíwé kí a tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan asà.

Abala tí òfì tẹ́ẹ́rẹ́ ń hun kò ju nǹkan bí íǹsì mẹ́rin lọ ní ìbú. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a ó rán pọ̀ kí ó tó di ìró tàbí agbádá. Ibẹ̀ ni ìṣòro ìdára wà. Asà ni ó ń de ìbú aṣọ, nítorí náà ìbú kì í sábà yà. Ṣùgbọ́n agbára ọwọ́ tí a fi ń gbá òwú mọ́ra kò ní ohun tí ó dè é. Bí ọwọ́ bá le, aṣọ á ki, ọnà á súnmọ́ra. Bí ọwọ́ bá rọ̀, aṣọ á fẹ́lẹ́, ọnà á jìnnà síra. Abala kan lè dára lójú ara rẹ̀, kí àbùkù má hàn títí di ọjọ́ tí a rán an mọ́ èkejì tí ọnà méjèèjì kò sì bára mu. Ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó yẹ kí ó rí bákan náà, èyí gan-an ni Shewhart ń lépa. Àṣìṣe ni bí olùkọ́ bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ rí i.

Òwú Òyìnbó

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin ní ọdún 1908. Òwú tí ẹ̀rọ ràn túbọ̀ wá ń wọ ọjà. Òwú tí a fi ọwọ́ ràn a máa nípọn níbìkan, kí ó tín-ín-rín níbòmíràn, ibi tí ó tín-ín-rín ni ó sì ń já. Òwú ẹ̀rọ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nípa báyìí, ìdára aṣọ sunwọ̀n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ọwọ́ ahunṣọ padà.

Ní ọdún 1950, W. Edwards Deming lọ kọ́ àwọn onílé-iṣẹ́ Japan pé púpọ̀ nínú àbùkù kì í ṣe ẹ̀bi òṣìṣẹ́, bí kò ṣe ti ètò tí a fi í sí. Ó yẹ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ọmọṣẹ́ tí a bá wí nítorí òwú tí ó já, nígbà tí ó jẹ́ pé òwú náà ni kò dára. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn onímọ̀ ìṣàkóso kì í sábà ka iye ẹni tí ìdára ọjà ná. Àwọn obìnrin tí ń rànwú pàdánù ọjà wọn. Aṣọ sunwọ̀n, ẹni tí ó wà ní ìpele àkọ́kọ́ sì kúrò nínú iṣẹ́.

Làǹtànà

Ti làǹtànà yàtọ̀. Òkúta pupa ni a fi ń ṣe é. A ó gé e, a ó fi irin ṣóńṣó lu ú, a ó lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán. Iṣẹ́ sùúrù ni, ìgbà tí a bá ń lu ú ni ó sì lè fọ́ mọ́ni lọ́wọ́ lẹ́yìn làálàá gígé. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ náà kò dára. Àwọn tí ń ṣe é gbà pé láti Ọ̀yọ́-Ilé ni iṣẹ́ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ òkúta tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ dán ní Idar-Oberstein ní Jámánì ń wọ Áfíríkà, ó sì pọ̀. Kò sí ìpele kan nínú iṣẹ́ làǹtànà tí a lè fi ohun mìíràn rọ́pò bí òwú ẹ̀rọ ti rọ́pò òwú àfọwọ́ràn. Ní ọdún 1938 tí J. D. Clarke kọ̀wé nípa iṣẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn Nigeria, ó ti ń rẹ̀yìn. Nígbà tí Ann O'Hear tẹ ìwádìí tirẹ̀ nípa làǹtànà jáde ní ọdún 1986, ìtàn ni ó ń kọ.