Bí Àgbà Bá Ṣubú: Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ Ológeere Lójú Ọ̀nà Ìkọ̀lé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde, tí yóò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àgbà ní tirẹ̀ ń wá ohun tó gbé e ṣubú, kí ó má baà tún gbé e ṣubú lọ́la, kí ó má sì gbé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òwe yìí kò fi ọjọ́ orí wọn àgbà. Ibi tí èèyàn kọjú sí nígbà tí ọ̀ràn bá a ló fi wọ̀n ọ́n. Ó bá àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sọ́nà jíjìn láti gbára dì fún eré ìje wí gidigidi. Ohun tí mo dì mú ni pé ìṣubú wọn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ara ti kanlẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó fà á ló sì wà ní ìkáwọ́ ẹni tó gùn ún.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà tó ti Ìdó gba Ìfàkì lọ sí Ọ̀yẹ́, tó sì gba Ìtàpá já sí Ìkọ̀lé. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Èkìtì. Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kò lè rin ọ̀nà yìí kó má pọ́n òkè, kó má sì sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Níbi tó ti ń pọ́n òkè ni òógùn ti ń gbọ́n omi ara rẹ̀ dànù, tí oúnjẹ àárọ̀ sì ń tán lára rẹ̀. Ìgbà tó bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ ni àárẹ̀ náà ń hàn: ojú kò tètè rí, ọwọ́ kò tètè fún bíréèkì. Ẹni tó ń sáré kìlómítà 36 láàárín wákàtí kan ń gba mítà 10 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí àárẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré dá ọwọ́ rẹ̀ dúró, mítà 10 ti lọ kí bíréèkì tó mú rárá. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tó wà nínú ìkọlù á di ìlọ́po mẹ́rin. Wàyí o, ẹ wo ibi tí ọ̀nà oko ti já sí títì nísàlẹ̀ òkè. Òjò ti wọ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sórí ọ̀dà, ẹnìkan sì ti sá láfún sí etí títì, àyè ti fún. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ti rí i lókèèrè. Ó ti fún bíréèkì kó tó dé kọ́nà, ó sì rọra yí kọjá. Ẹni tó ti rẹ̀ kò rí i àfi ìgbà tó dé orí rẹ̀. Àyà rẹ̀ já, ó fún bíréèkì iwájú pinpin níbi tí kẹ̀kẹ́ ti dẹ̀gbẹ́. Táyà iwájú yọ̀, kẹ̀kẹ́ bọ́ lábẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ láti gba ara rẹ̀ dúró, gbogbo ìwúwo ara sì gba ọwọ́ náà lọ sí èjìká. Ìdí nìyí tí eegun tó so èjìká mọ́ àyà fi wà lára èyí tó máa ń kán jù lára ẹlẹ́kẹ̀ẹ́. Aráyé á ní yanrìn ló gbé e ṣubú. Yanrìn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi tí kò mu ní Ìtàpá àti eré tí kò dín kù bá yanrìn lọ́wọ́ sí i.

Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Egan Bernal, ọmọ Kòlóńbíà tó gba Tour de France lọ́dún 2019, ń gbára dì nílẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Ó tẹ orí ba, ó ń sáré bíi kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan, ó sì lọ kọlu ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì tó dúró. Eegun itan rẹ̀ kán, ti ẹ̀yìn àti ti ìhà náà kán. Chris Froome, tí wọ́n bí ní Nairobi, ń yẹ ọ̀nà ìje wò nílẹ̀ Faransé ní oṣù kẹfà ọdún 2019. Ó yọ ọwọ́ lórí kẹ̀kẹ́ láti fun ikun, atẹ́gùn gbá a, ó sì kọlu ògiri. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ ló gbé wọn ṣubú, wọn kì í sì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ọjọ́ ìje, wọ́n ń ti ọ̀nà fún ẹlẹ́kẹ̀ẹ́. Ọjọ́ ìgbaradì, ọ̀nà gbogbo ayé ni. Láti ìgbà tí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti dé Ọ̀yẹ́ lọ́dún 2011, tó sì ní ọgbà mìíràn ní Ìkọ̀lé, ọkọ̀ èrò àti ọ̀kadà tó ń ṣàdédé dúró gbé akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣàì sí lójú ọ̀nà yìí. Ohun tó bá Bernal lè bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé àyànmọ́ kò gbóògùn, ẹlòmíràn á sì ní Ògún ló ń jà. A kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ Ògún ní agbègbè yìí, nítorí Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Onírè, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n òrìṣà alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ ni Ògún. Ọdẹ gidi kì í gbé ìbọn wọgbó láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń ké pe Ògún nígbà tí bíréèkì rẹ̀ ti jẹ tán, òun gan-an ni kò bọ̀wọ̀ fún irin. Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ: pé kòtò ojú títì àti awakọ̀ oníwàdùwàdù ló ń ṣe ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ní jàǹbá, ẹ̀bi rẹ̀ dà níbẹ̀? Òótọ́ ni pé ìjọba jẹ wá ní ọ̀nà tó dán, a kò sì gbọdọ̀ yé béèrè rẹ̀. Àmọ́ wíwo ẹ̀yìn kì í ṣe dídi ẹ̀bi ru ẹni tó ṣubú. Kíka gbogbo okùnfà tán ni, kí a wá mú èyí tí ọwọ́ wa tó. Kòtò tòní lè ṣì wà lọ́la. Omi inú ìgò, bíréèkì, eré àti akoto orí ni tiwa. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi dandan mú akoto fún ọlọ́kadà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, àwọn kan fi igbá dé orí. Igbá lè tan ẹ̀ṣọ́, kò lè tan títì. Fóòmù inú akoto kẹ̀kẹ́ ló ń fọ́ kí agbárí má baà fọ́. Bó bá ti kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó fi orí gbálẹ̀, tó dìde tó ní kò sí nǹkan, ẹ má jẹ́ kó tún gun kẹ̀kẹ́ náà. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tó ń bì, tó ń tòògbé, tàbí tí kò rántí bó ṣe ṣubú, ilé ìwòsàn ló yá. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Bó ti wù kí ẹnìkan mọ eegun tò tó, kò lè fi ọwọ́ rí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú agbárí.

Olùkọ́ eré kan á ní bí eléré bá ń ro gbogbo èyí, ojo ni yóò dà. Ìgboyà kò wọ́n wa: Ese Ukpeseraye, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gun kẹ̀kẹ́ tí ikọ̀ Jámánì yá a ní Olympics Paris lọ́dún 2024, ó sì díje. Ohun tó wọ́n wa ni ìtọ́jú. Agbára ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ń ti inú ọ̀pọ̀ ọjọ́ ìgbaradì tó tẹ̀lé ara wọn wá, ìṣubú ló sì ń já okùn náà. Pẹ̀lú gbogbo dókítà tó wà lẹ́yìn Bernal, oṣù kẹjọ ọdún 2022 ló tó padà sí ìje. Ọmọ Ìkọ̀lé tí kò ní irú wọn lè pàdánù eré náà pátápátá. Ẹni tó bá dúró mu omi ní Ìtàpá, tó sì dín eré kù kó tó dé kọ́nà, iṣẹ́ ìgbaradì ló ń ṣe. Ó yẹ kí olùkọ́ rẹ̀ máa kọ́ ọ, kó sì máa yìn ín fún un gẹ́gẹ́ bó ti ń yìn ín fún òkè tó pọ́n.