Bí Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà Ṣe Ṣẹ́gun Ìjọba Owó-Orí ní Abẹ́òkúta, 1947 sí 1949

Láàrin àwọn tí ìjọba amúnisìn ń gba owó-orí lọ́wọ́ wọn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kò sí àwùjọ tí ohùn rẹ̀ kéré nínú ìṣèlú tó ti àwọn obìnrin ọlọ́jà, nítorí wọn kò ní ìbò, wọn kò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀wé. Síbẹ̀, àwọn gan-an ni wọ́n fòpin sí owó-orí obìnrin, tí Aláké, ọba Ẹ̀gbá, sì tipasẹ̀ ìjà wọn fi ààfin sílẹ̀. Ìdí ìṣẹ́gun yìí fara sin sínú ọ̀nà tí a gbà to ìjọba tí wọ́n dojú kọ.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fòpin sí òmìnira ìjọba Ẹ̀gbá ní 1914, ọba nìkan kọ́ ló ń pàṣẹ. Àwọn Ògbóni, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn àgbà tó ń ṣòfin tó sì ń dájọ́, ní agbára tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olóyè ogun, àwọn Pàràkòyí tó ń bójú tó òwò, àti Ìyálóde, olórí àwọn obìnrin, oyè tí Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ ní 1864. Ìjọba amúnisìn kó àṣẹ wọ̀nyí jọ sọ́wọ́ Aláké gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ kan ṣoṣo fún ìjọba ìbílẹ̀. Ọlá ńlá ni èyí jẹ́ fún Adémọ́lá Kejì, tó gorí oyè ní 1920, ṣùgbọ́n ìkójọ àṣẹ náà ló sọ gbogbo ẹ̀hónú ìlú di ẹ̀hónú sí ẹnì kan.

Ẹ̀hónú náà kò sì kéré. Láti 1918 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó-orí, tí ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọmọ ọdún 15 nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di ọdún 16, tí aya sì ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ. Àwọn obìnrin ráhùn pé àwọn agbowó-orí a máa bọ́ṣọ lára ọmọbìnrin kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tó san án. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tún ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé tí a dá sílẹ̀ ní 1944, ṣí kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwọn ọlọ́jà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìrẹsì ti dé etí ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn Daily Service, ìgbẹ́sẹ̀lé náà dáwọ́ dúró. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, tí ó gba ọ̀mọ̀wé àti aláìmọ̀wé mọ́ra, tí ó sì gba ayẹ̀wé-owó-wò láti yẹ ìwé ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ wò.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ wọ́de tako owó-orí, tí àwọn aláṣẹ sì kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ, àwọn obìnrin ní àjọ̀dún ni àwọn ń lọ ṣe. A kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe bo imú àti ojú bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Ní ọjọ́ 29 àti 30 oṣù Kọkànlá 1947, àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 sun ìta ààfin Aké, wọ́n ń kọ orin èébú tó dárúkọ ọba, wọ́n sì tún padà wá nínú oṣù Kejìlá. Nígbà tí a fi Orò, awo tí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú rí, dẹ́rù bà wọ́n, wọn kò tú ká.

Ní 1948, àwọn Ògbóni, tí ìjọba amúnisìn ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kẹ̀yìn sí Aláké pẹ̀lú. Ó kúrò ní Abẹ́òkúta lọ sí Òṣogbo ní oṣù Keje, ó sì kọ̀wé fi oyè sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 1949. Owó-orí obìnrin dópin, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tuntun.

Aláké padà sórí oyè ní oṣù Kejìlá 1950, nítorí náà a kò lè pe ìjà náà ní ìparun oyè ọba. Ohun tí àwọn obìnrin náà fọ́ ni àṣà kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣòfin, kó máa gba owó, kó sì máa dájọ́ lórí owó náà. Èyí sì súnmọ́ ìlànà Ẹ̀gbá ti àtijọ́ ju ètò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ti ìbílẹ̀ lọ.