Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ àti Ọmọ Tí Kò Gbọ́ràn ní Òkè-Ògùn

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn. Ṣakí àti Ìsẹ́yìn kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tí kò gbọ́ràn yóò rí kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí kò mọ èdè ọwọ́? Ní 1960, Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ n'Íbàdàn. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe sílẹ̀, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí. Ọ̀nà Ṣakí sí ìlú méjèèjì jìn fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ló wà ní Òkè-Ògùn: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní olùkọ́ tó gbọ́ èdè ọwọ́, ìgbà náà ni ọ̀fẹ́ 1955 tó kárí.